Ìyàwó Kan Lórí Káàdì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ràbíátù, ọmọ tí mo bí kẹ́yìn, èmi ni mo lóyún rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, èmi ni mo rọbí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì títí di àárọ̀ Jímọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìwé ìbí rẹ̀, orúkọ ìyáálé mi lẹ ó bá níbẹ̀. Sùlíyá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Uswat tí í ṣe orúkọ tèmi kò sí níbì kankan nínú ìwé náà.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí ọmọ mi gbé o. Káàdì ló fà á. Ilé iṣẹ́ ike kan ní Ìlúpéjú ni Wahab, ọkọ wa, ti ń tún ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà tí irun ti wà lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà a máa tọ́jú òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Wọ́n ti bá ọsibítù aládàáni kan ní Opebi ṣe àdéhùn, tó jẹ́ pé bí o bá ti mú káàdì dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ òfin wà: ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí Wahab gba iṣẹ́, Sùlíyá nìkan ló wà nílé, òun ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tí èmi dé, ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, tèmi tẹwà mi tẹnu mi, àyè ọmọ méjì ṣì kù, ṣùgbọ́n àyè ìyàwó ti kún.

Wahab lọ bá wọn ní ọ́físì pé òun fẹ́ pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n ní àwọn kì í pààrọ̀ ìyàwó, àfi tí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ bá kú, kí ó mú ìwé ikú wá, tàbí tí kóòtù bá tú wọn ká, kí ó mú ìwé kóòtù wá. Ó padà wálé, ó jókòó, ó ní kí àwa méjèèjì máa lo káàdì náà pa pọ̀. Bí ẹni tó ń pín ìgbálẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Bí mo ṣe di Sùlíyá ní Opebi nìyẹn. Láyé ìgbà náà, káàdì kò ní fọ́tò, orúkọ àti ọjọ́ orí ló wà lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bí mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ wọn ń lo ọsibítù yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó dá ojú wa mọ̀. Ìyáálé mi a lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, èmi a lọ lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá ti pe "Màdáàmù Sùlíyá", màá rọra dìde, màá fọwọ́ ti ìdí bí àgbàlagbà, nítorí ogún ọdún ni ìyáálé mi fi jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí mo bí Ràbíátù, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ló bímọ lórí ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ́ wá wò mí láti wọ́ọ̀dù mìíràn. Wọ́n ní Sárà ìyàwó Ábúráhámù ni mí. Ọ̀kan nínú wọn tó ń wá ọmọ ní kí n bá òun gbé ọwọ́ lé òun níkùn. Mo gbé e lé e. Kí ni ǹ bá ṣe?

Nígbà tí mo gbé ọmọ délé, ìyáálé mi gbà á mọ́ra, ó wo ìwé, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rín ẹ̀rín rẹ̀ kékeré. "Ìyàwó, o ṣé o," ó ní. "O bá mi bímọ, ìrọbí rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ mi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má fi ojú ènìyàn burúkú wò mí. Mo jowú rẹ̀ ni, mi ò ní purọ́. Lójú ara wa, mo ń bọ̀wọ̀ fún un bí ó ti yẹ, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Nínú ìtàn mi nìkan ni mo ti ń pè é ní Sùlíyá. Àwọn èèyàn a máa rò pé ìyáálé nìkan ló ń jowú, pé ìyàwó kékeré ló ni ojú ọkọ. Ó dáa, mo ni ojú ọkọ. Ojú ọkọ kì í wo èèyàn sàn. Bí kọ́ńpìnnì bá fẹ́ pín ìrẹsì ọdún, orúkọ Sùlíyá ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìyàwó òṣìṣẹ́ kú iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú lẹ́tà. Mo ti sùn, mo ti jí, mo ti bímọ mẹ́ta nínú ilé kan ní Agége, ìwé kan ṣoṣo kò sì mọ̀ pé mo wà láyé.

Ìwà rẹ̀ gan-an ló tún ń dá kún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í pariwo, kì í bínú síta. Àwọn abọ́ ike tí etí wọn wọ́, tí kọ́ńpìnnì ń tà ní ẹ̀dínwó fún òṣìṣẹ́, ló ń tà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kí oníbàárà tó ná ọjà, yóò ti kọ́kọ́ yí abọ́ náà po: "Ó wọ́ níbí o. Ẹ wò ó dáadáa." Ta ló ń tajà bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀ wọ́n ń rà á, wọ́n tún ń padà wá. Èmi tí mo ń ta aṣọ ọmọdé, tí mo ń fi Ọlọ́run búra pé kò sírú rẹ̀ ní gbogbo Ìkẹjà, àwọn oníbàárà mi kì í padà. Ìyẹn náà, mo jowú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ohun tó ní tí mi ò bá a fẹ́. Ó ti ṣubú lulẹ̀ gbọnrangandan lẹ́ẹ̀kan rí nítorí pé oògùn rẹ̀ tán fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó má dé Opebi.

Ọdún kẹta tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá la gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Ìyáálé mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó lọ sí kóòtù, ó lọ búra ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìbúra yẹn. Irú rẹ̀ ni Wahab ṣe nígbà tó ń wáṣẹ́, ó sì yọ ọdún márùn-ún dànù nínú ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹni yọ egungun ẹja. Kò sí ọkùnrin tí kò ṣe é nílé iṣẹ́ wọn. Nílé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ní Ìlúpéjú, mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó wá di pé ìjọba ní ó ṣì kéré, kọ́ńpìnnì sì ní ó ti dàgbà, nítorí pé ní Dìsẹ́ńbà ọdún náà ni yóò pé ọgọ́ta lórí ìwé, tí wọn yóò ní kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ tó bá ti fẹ̀yìntì, káàdì Opebi parí.

Sùlíyá ní tirẹ̀ sọ òótọ́ ní kóòtù, wọ́n sì fún un ní káàdì. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìborùn rẹ̀ funfun. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n bi yín?"

"Ọdún mélòó ni mí. Òun nìkan náà ni."

"Wọn ò béèrè ọkọ?"

"Wọn ò béèrè ọkọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kọ́ńpìnnì mọ̀ ọ́n, ìjọba tún mọ̀ ọ́n, láìjẹ́ pé ó jẹ́ ìyàwó ẹnikẹ́ni. Owú yìí ló mú kí n tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù ìjọba náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, kí n lè fojú ara mi rí i. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Bẹ́ǹṣì pákó ni wọ́n jókòó lé, àwọn bàbá arúgbó ń tòògbé lórí ọ̀pá wọn, bébà ya-ya tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀. Ó di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó pè é. Nínú oògùn mẹ́ta tí dókítà kọ, ọ̀kan ló wà. "Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè, Màmá." Mo rántí Opebi tó tutù minimini, àga tó ń rì mọ́ni nídìí, oògùn nínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú orúkọ ẹni lórí rẹ̀.

"Màmá Ṣàkírù," mo ní fún ìyáálé mi, mo ń fi ẹ̀rín pamọ́, "ṣé ibi tí ẹ ó máa wá nìyí?"

"Ti Opebi dáa jù ú lọ fíìfíì," ó ní. "Ṣùgbọ́n Dìsẹ́ńbà ni òpin tìyẹn. Èyí, ó di ọjọ́ ikú mi."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ogójì ọdún ni mí. Kọ́ńpìnnì ò mọ̀ mí, ó sì ku ogún ọdún kí ìjọba tó mọ̀ mí. Èwo ni kí n ṣe nínú ogún ọdún yẹn, kí n má ṣàìsàn?

Àìsàn ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Inú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára mi, kò dá mọ́. Mo mú káàdì wa, mo lọ sí Opebi. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò, ó wo fáìlì, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà?" Àyà rẹ̀ já pé àìsàn tó burú jù ni. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kò sẹ́ni ọgọ́ta ọdún níbí. Nígbà tí wọ́n yẹ inú mi wò, ìju, kókó inú ilé ọmọ, ni wọ́n bá, ó ti tóbi tó orí ọmọ tuntun. Wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, kí ó má sì kọjá Ọkítóbà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara mi ti ń tán. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní káàdì, bí a bá ta gbogbo ẹrù ilé wa, kò tó o.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kọ́ńpìnnì lẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Wọ́n ní jìbìtì ti pọ̀ jù lórí káàdì, pé orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti bímọ mọ́kànlá. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ìyàwó rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀, pẹ̀lú fọ́tò méjì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lórí káàdì tuntun ni ọsibítù yóò tọ́jú, kò sí ẹlòmíràn.

"Sùlíyá ni wọ́n kọ," Wahab ní. "Sùlíyá ni màá mú lọ."

"Èmi ńkọ́?"

Ọkùnrin tó lè tú ẹ̀rọ tó ga tó ilé palẹ̀ kó sì tún un tò, kò rí ọ̀rọ̀ kan tò fún mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di ìbínú mi mọ́nú. Lọ́jọ́ kẹrin mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyáálé mi, mo sì tú u síta. Mo ní, "Ẹ ti ní ti ìjọba, ẹ tún fẹ́ ti kọ́ńpìnnì mọ́ ọn. Ṣé ẹ̀yin nìkan l'Ọlọ́run dá lóbìnrin? Ẹ máa lò ó, ẹ lò ó dé ọ̀run." Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Owú kò jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀. Ó ń ka hóró oògùn rẹ̀ sínú agolo lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè.

"Mo ti gbọ́, ìyàwó," ó ní.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, ó ti wọ léèsì rẹ̀ aláwọ̀ búlúù kí n tó jí. Mo gbọ́ tí ó ń bọ̀, mo kọ ojú sí ògiri.

"Dìde, kí o wẹ̀, kí o wọ aṣọ tó dáa. Mú fọ́tò rẹ dání."

"Fọ́tò kí ni?"

"Mú un dání ṣá."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n wá wo bí wọ́n ṣe máa lẹ fọ́tò rẹ̀ ni. Ìbínú ni mo fi wẹ̀, ìbínú ni mo fi wọ ọkọ̀ títí dé Ìlúpéjú. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá pè é, èmi náà á dìde, màá pariwo orúkọ ara mi nínú ọ́físì náà, kí gbogbo wa jọ tẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ló jókòó sídìí tábìlì, ọkùnrin Èkìtì kan tó gbé awò ojú ka ṣóńṣó imú. Àwọn ọkùnrin tò lọ rẹrẹ pẹ̀lú ìyàwó wọn. Nígbà tí ó pe Wahab, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la dìde.

"Bàbá Wahab, ìyàwó kan ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá. Ta ni ìkejì?"

Mo ti mí sínú láti pariwo. Sùlíyá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó rọra tì mí síwájú bí ó ti ń yí abọ́ fún oníbàárà.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ìyàwó àbúrò mi nìyí. Òun ni Sùlíyá. Ara rẹ̀ ni kò yá tí mo fi sìn ín wá."

Dípò ariwo, fọ́tò mi ni mo nà síwájú. Akínfẹ́nwá wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé.

"Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n kọ síbí."

"Ọ̀gá," ìyáálé mi ní, "bí ọjọ́ orí ọkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ lọ́wọ́ yín náà ni tirẹ̀ jẹ́."

Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, nítorí kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n yẹ ọjọ́ orí wò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Akínfẹ́nwá fúnra rẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ó ti lo ọdún mẹ́ta gbáko lórí ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó gba fọ́tò mi, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn náà ó wo ìyáálé mi, ó fẹ́ ṣe dáadáa sí i.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Níbo ni ọkọ yín ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò lọ́kọ, ọ̀gá. Ìjọba ló ń tọ́jú mi."

Gbogbo ọ́físì rẹ́rìn-ín. Òun náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ọdún márùndínlógójì ló ti fi wà nílé Wahab. Wahab dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òógùn bò ó, kò lè wo èyíkéyìí nínú wa.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mo fẹ́ dúpẹ́, kò jáde. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, owú ló tún mú mi: pé òun ló rí i ṣe, pé tí ó bá jẹ́ èmi, mi ò ní ṣe é. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ló ń tán," ó ní. "Tèmi, oògùn ni. Bí kò bá sí lónìí, ó lè wà lọ́la."

Ní Ọkítóbà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Orúkọ rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí. Ẹ̀rù bà mí.

"Bí mo bá kú, Màmá Ṣàkírù, orúkọ yín ni wọ́n máa kọ."

"Ìjọba á gbọ́ pé mo ti kú, wọ́n á gba káàdì mi," ó ní. "Nítorí náà, má kú."

Mi ò kú. Nígbà tí mo lajú ní ọjọ́ kejì, orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ìyáálé mi wà, ìborùn rẹ̀ ti rún. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó dára púpọ̀. Ó gbé ife omi àti hóró oògùn méjì lé tábìlì.

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yín nìyẹn, Màdáàmù Sùlíyá. Ó wà nínú fáìlì yín pé ẹ ń lò ó lóṣooṣù. Òun náà ló mú kí ìfúnpá yín dára báyìí." Ó wo ìyáálé mi. "Ta ni Màmá yìí sí yín? Láti àná, wọn ò lọ sílé."

Ìyáálé mi yíjú sí mi, ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ pé kó wá di ọjọ́ kan tí obìnrin yìí kò ní jẹ́ ìyàwó ọkọ mi mọ́. Ọjọ́ náà dé, ẹnu tèmi ni Ọlọ́run sì ní kó sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni," mo ní. Ó korò.

Nọ́ọ̀sì jáde. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ ìyáálé mi nínú sálúbàtà rẹ̀. Ó ti wú, okùn sálúbàtà ti rì sínú ẹran.

"Ẹ ti lo oògùn yín?"

"Wọ́n ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè wo?"

Mo na ọwọ́, ojú ọgbẹ́ fà mí dé eegun, mo mú hóró oògùn méjèèjì náà àti ife omi, mo sì nà án sí i.

"Tìẹ ni wọ́n gbé wá, ìyàwó."

"Ẹ gbà á," mo ní. "Ẹ̀yin ni Sùlíyá."